Odi Tó Fẹ́ Ka Ìròyìn

Bí ẹ bá ti gbé Ìkòsí rí, ẹ ti gbọ́ ohùn Àyúbà, ẹ kàn lè má mọ̀ pé òun ni. Ohùn rẹ̀ ló máa ń jáde láti inú sípíkà tí Jeffrey olóògùn èkúté so mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀: "Èkúté! Asín! Aáyán! Ìdun inú bẹ́ẹ̀dì! Ẹ má bá ọ̀tá yín sùn mọ́!" Ohùn náà jinlẹ̀, ó dùn, ọ̀wọ̀ sì wà nínú rẹ̀, débi pé àwọn tí kò ní èkúté nílé máa ń ra oògùn náà kí wọ́n má baà já ohùn náà kulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Jeffrey gbà á sílẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta ló ti ń gbé e káàkiri láti Alápẹ̀rẹ̀ dé Mile 12.

Iṣẹ́ aránṣọ ni Àyúbà ń ṣe, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò sí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìròyìn ló fẹ́ kà lórí rédíò. Láti ìgbà tó wà lọ́mọdé n'Ísẹ́yìn ló ti ń fẹ́ ẹ, irun orí rẹ̀ sì ti ń funfun báyìí. Bí oúnjẹ bá pẹ́ nílé, kò ní pariwo mọ́ ìyàwó rẹ̀. Á kàn jókòó dáadáa, á wú ọ̀fun, á ní: "Ìròyìn tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ilé ìdáná fi yé wa pé ọbẹ̀ kò tíì jinná. Àwọn ará ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀hónú hàn."

Ṣùkúrátù ìyàwó rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á sì bu oúnjẹ. Ata ni Ṣùkúrátù ń lọ̀ ní Mile 12. Ó ti tó ọdún méjìlélógún tó ti ń dúró ti ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ náà sì ti jẹ díẹ̀ nínú etí rẹ̀. Bí oníbàárà bá sọ̀rọ̀, á ní kí ó tún un sọ. Bí ọmọ rẹ̀ Wàsíù bá pè é láti Ìbàdàn, á ní kí ó tún un sọ. Ohùn Àyúbà nìkan ni kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ká má parọ́, ohùn yẹn ló fẹ́. Ojú Àyúbà kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú tí ọmọ èèyàn ń torí rẹ̀ kúrò nílé bàbá rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí inú Ṣùkúrátù fi dùn nígbà tí rédíò kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní Magodo kéde pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa ka ìròyìn Yorùbá láàárọ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìdánwò. Ojú ẹsẹ̀ ni Àyúbà gba Alápẹ̀rẹ̀ lọ, sọ́dọ̀ Àyàndélé tó ń kọ́ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lórin, kí ó lè tún ohùn rẹ̀ ṣe. Òfin méjì ni Àyàndélé fún un.

"Ohùn dà bí ògì," ni Àyàndélé wí. "Bí ẹ bá ń rò ó ṣáá, omi lásán lẹ máa rí. Ẹ fi í sílẹ̀ kó silẹ̀. Ọjọ́ méje gbáko, ẹ ò gbọdọ̀ la ẹnu. Iwájú ẹ̀rọ rédíò yẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti gbọ́dọ̀ jáde."

Èyí jẹ́ ọ̀kan. Èkejì ni pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. "Nǹkan rere tí kò tíì bọ́ sí wa lọ́wọ́, a kì í kéde rẹ̀ l'Ékòó. Ayé le."

Àyúbà dé ilé, ó sọ ọ́ fún Ṣùkúrátù nìkan, ó mu ife omi kan, ó sì pa ẹnu dé.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Kí Yorùbá má jẹun fún ọjọ́ méje, ó ṣòro, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Kí Yorùbá má kí èèyàn fún ọjọ́ méje ńkọ́? Nínú ilé tí yàrá mẹ́jọ kọjú síra wọn, tí ẹ ò lè lọ tọ̀ kí ẹ má kí ẹni mẹ́ta? Àwọn àgbà ní ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù kú ilé. Àyúbà fẹ́ pàdánù gbogbo rẹ̀ pátá láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Alhájì Ọlábámijí onílé wọn ló kọ́kọ́ rí i. Ọmọ bíbí Ìkòsí ni Alhájì. Ní gbogbo òwúrọ̀, wọ́n á gbé àga oníke wọn síta, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì máa gba ìkíni bí ẹni ń gba owó ibodè. Bí owó ilé bá pẹ́ díẹ̀, Alhájì á fara dà á. Ìkíni ni kò gbọdọ̀ pẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àyúbà jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alhájì dúró de ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bá ìdọ̀bálẹ̀ wá. Wọ́n dúró títí. Àyúbà dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ àyà rẹ̀ dànù, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ṣùkúrátù!" Alhájì pariwo. "Kí ló ṣe ọkọ rẹ?"

"Eyín ni, sà," ni Ṣùkúrátù wí. "Eyín ló ń dùn ún."

Nígbà tí Mummy Damaris tó ń gbé yàrá kejì bi í, ó ti gbàgbé eyín, ó ní ọ̀nà ọ̀fun ni. Nígbà tí Jeffrey bi í lójú títì, ó ní ààwẹ̀ ni ọkọ òun ń gbà. Ṣùkúrátù mọ ata lọ̀ o, kò mọ irọ́ pa. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, irọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ara wọn nídìí ẹ̀rọ omi.

"Mo ti se ewé fún eyín náà," ni Alhájì ń wí.

"Eyín kẹ̀? Ọ̀fun ni, sà. Mo ti gbàdúrà sí òróró tó máa fi pa á," Mummy Damaris dáhùn.

"Ààwẹ̀ ni wọ́n sọ fún èmi," ni Jeffrey wí, "ṣùgbọ́n mo rí i lánàá tó ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ẹ̀wà."

Gbogbo wọn wo ara wọn. Wọ́n wá fẹnu kò pé ìgbéraga ni. Wọ́n ní ó dájú pé Àyúbà ti rí ọ̀nà kan, ó fẹ́ kó kúrò láàárín wọn, wọn kò tún jọ ọ́ lójú mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí Ṣùkúrátù bá kí wọn, wọ́n á dáhùn láti inú imú. Ó dùn ún gan-an. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì gbé e mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Èyí tó burú jù lọ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá Ṣùkúrátù dé láti Ìsẹ́yìn láìsọ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àpò kan àti ẹ̀lùbọ́ ọ̀rá ńlá kan. Wọ́n bá Àyúbà ní pálọ̀.

"Àna mi, ẹ ǹ lẹ́ o! Àkànní!"

Àyúbà gbalẹ̀. Ó fi àyà lélẹ̀, ó fi àgbọ̀n lélẹ̀, bóyá ó rò pé bí òun bá sún mọ́ sìmẹ́ńtì tó, yóò tó ọ̀rọ̀ ẹnu.

"Mo ní ẹ ǹ lẹ́ o."

Àyúbà kò ríbi tó tún lè dọ̀bálẹ̀ dé, torí náà ó gbé àyà sókè díẹ̀, ó sì tún fi í lélẹ̀.

"Màámi, ẹ kú ọ̀nà o," ni Ṣùkúrátù sáré wí. "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n bu omi—"

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń kí. Ọkọ rẹ ni mò ń kí."

Ìgbà yẹn gan-an ni Jeffrey, ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn gba ibì kan kọjá, ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé abẹ́ fèrèsé. Ohùn náà wọlé, ó jinlẹ̀, ó dùn, ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀: "Èkúté! Asín! Aáyán! Ìdun inú bẹ́ẹ̀dì!"

Ìyá wo fèrèsé. Wọ́n wo ọkùnrin tó nà gbọọrọ sílẹ̀. Wọ́n tún wo fèrèsé.

"Ṣùkúrátù, ohùn ta nìyẹn?"

"Ohùn... ohùn ọkọ mi ni, Màámi."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Èkúté ló ń bá sọ̀rọ̀ tí kò fi ráyè tèmi."

Ṣùkúrátù wo Àyúbà. Àyúbà wò ó láti ilẹ̀, omi ti lé sójú rẹ̀, ó sì mi orí díẹ̀: má sọ, jọ̀ọ́. Ṣùkúrátù ò sọ. Kò sí ohun tó ṣe láyé rẹ̀ tó korò tó dídákẹ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ gbé àpò wọn, wọ́n ní ilé àbúrò rẹ̀ ní Kétu làwọn ń lọ. Wọ́n jáde. Wọ́n tún padà wọlé wá gbé ẹ̀lùbọ́.

"Bàbá Wàsíù," ni Ṣùkúrátù wí nígbà tí ilé pa rọ́rọ́, "bí wọn ò bá gbà yín ní Magodo, ẹ má padà wálé. Ẹ máa bá Jeffrey lọ."

Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ ṣá. Nígbà tí ọjọ́ Ajé dé, òun fúnra rẹ̀ ló ti ṣọ́ọ̀bù ata pa, tó wọ aṣọ tó dáa, tó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ, torí ó mọ̀ pé kò lè dá gba géètì Magodo kọjá láìsọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gá," ni ó wí fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. "Ilé rédíò là ń lọ. Ọkọ mi fẹ́ ṣe ìdánwò."

"Kí ló dé tí òun alára ò sọ̀rọ̀?"

"Kò lè sọ̀rọ̀ ni."

"Ìdánwò kí ni?"

"Ìròyìn ló fẹ́ kà."

Ẹ̀ṣọ́ náà wo Àyúbà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àyúbà tẹ orí ba pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Níyì!" ni ẹ̀ṣọ́ náà ké sí ẹnìkejì rẹ̀. "Níyì, abeg come o! Odi kan ti dé, ó ní òun fẹ́ ka ìròyìn!"

Níyì yọjú. Ó rò ó díẹ̀. "Ṣé àwọn adití ló máa gbọ́ ọ?"

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé wọ́n ṣí géètì láìbéèrè ohun mìíràn. Níyì tún sìn wọ́n wọ ilé rédíò, ó ní òun kò lè jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fo òun.

Ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n fi Ṣùkúrátù sí. Ó rí Àyúbà tó jókòó síwájú ẹ̀rọ, tó gbé ìwé dání. Aunty Tiwalọlá, ọ̀gá tó ń bójú tó ìròyìn, ń mu tíì, ó sì hàn lójú wọn pé wọ́n ti gbọ́ ohùn tí kò dáa látàárọ̀. Àyúbà la ẹnu. Ẹ̀yin èèyàn mi, Àyàndélé kò purọ́. Ohùn náà ti silẹ̀. Ó jáde nípọn, ó jáde ní mímọ́, ìròyìn nípa gọ́tà tó dí ló ń kà, ṣùgbọ́n Ṣùkúrátù fẹ́ sunkún nítorí gọ́tà náà. Aunty Tiwalọlá gbé tíì sílẹ̀.

Àfi bí ọkùnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ, ọmọ Kétu kan, ṣe ká ọwọ́ lérí. "Aunty, mo mọ ohùn yìí! Èkúté! Asín! Aáyán!"

Ó tán. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Níyì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Aunty Tiwalọlá nu ojú wọn, wọ́n ní, "Ẹ kà á dáadáa o, Daddy. A máa pè yín."

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí "a máa pè yín" túmọ̀ sí l'Ékòó. Wọ́n dé etí títì kí Àyúbà tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá Wàsíù, jọ̀ọ́, má bínú."

Ó ṣe Ṣùkúrátù bákan. Inú bí i, inú rẹ̀ sì dùn pé òun tún gbọ́ ohùn náà, kò mọ èyí tó máa mú níbẹ̀. "Ẹ má bẹ̀ mí," ni ó wí. "Ẹ lọ san gbèsè tí ẹ jẹ."

Gbèsè náà kò kéré. Alhájì wà lórí àga wọn. Wọ́n gbọ́ àlàyé náà dé òpin, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n ìkíni àwọn ńkọ́? Wọ́n na ìka. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàsán, sà. Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà."

"Ọjọ́rú. Òjò rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú òjò, sà. Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà."

"Ọjọ́bọ̀. Wọ́n mú iná wá."

"Ẹ kú oríire iná, sà."

"Wọ́n tún mú un lọ."

"Ẹ kú ìfaradà, sà."

"Ọjọ́ Ẹtì, mo wọ agbádá tuntun lọ kírun."

"Ẹ̀mí yín á lò ó, sà."

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ọjọ́ Ajé. Ó kan Mummy Damaris, tó ní kó fi ẹ kú àdúrà kún un. Ó kan yàrá mẹ́fà tó kù. Ó kan alákàrà, ó kan onímọ́ínmọ́ín, ó kan bàbá tó máa ń ta káàdì lẹ́nu ọ̀nà. Jeffrey nìkan ló ní òun kò bínú, ó ní ojoojúmọ́ lòun ṣáà ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí Kétu. Àyúbà dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyá ìyàwó rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti ń ha: ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọkọ̀, ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ẹ̀lùbọ́, ẹ kú ìbínú. Ṣùkúrátù ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ìyá gbọ́ ọ tán.

"Rédíò," ni wọ́n wí. "Ẹ ń bẹ̀rù pé ayé á gbọ́. Ṣé èmi náà wà lára ayé tí ẹ̀ ń sá fún ni? Ǹ bá ti máa gbàdúrà sí i láti ọjọ́ Ẹtì."

Àyúbà tún kí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọn kò dáhùn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, àwọn á dáhùn nígbà tí inú àwọn bá rọ̀.

Nígbà tí tọkọtaya náà fi máa délé, ohùn Àyúbà ti tán pátápátá. Bí ó bá la ẹnu, ohun tó ń jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ pákó lórí sìmẹ́ńtì. Wọn kò tíì kírun ìṣáà tán tí fóònù fi dún. Aunty Tiwalọlá ni. Ẹni tí wọ́n mú ti rí iṣẹ́ mìíràn l'Abẹ́òkúta. Kí Àyúbà jọ̀ọ́ wá ka ti aago mẹ́fà àbọ̀ ọ̀la. "Kò sí ohùn bíi tiyín nínú gbogbo àwọn tó wá, Daddy. Ẹ̀rín lásán la rín."

"Hààà," ni Àyúbà wí. "Khrrr."

"Network yìí ò dáa o. Ẹ ṣáà wá."

Àyúbà gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó sì ń mi orí. Kò lọ. Ojú á tì í. Ṣùkúrátù dúró níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lébàdí.

"Ẹ máa lọ," ni ó wí. "Ìyá mi gbé ẹ̀lùbọ́ lọ nítorí ohùn yìí. Gbogbo ilé fi imú dá mi lóhùn nítorí ohùn yìí. Mo ti san án, Bàbá Wàsíù, mi ò lè gbà á padà. Bó bá jẹ́ ikọ́ nìkan lẹ rí hú, ẹ lọ hú u lórí rédíò."

Aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀ ni Mile 12 máa ń gbóná jù. Àwọn obìnrin tò lọ bẹẹrẹ níwájú ẹ̀rọ Ṣùkúrátù, pẹ̀lú báfù tòmátò àti tàtàsé, gbogbo wọn ń kánjú. Bó ṣe gbọ́ orin ìbẹ̀rẹ̀ ìròyìn lórí rédíò kékeré rẹ̀, ó na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún méjìlélógún.

"Ìyá Wàsíù! Ṣé epo ló tán?"

"Ẹ dákẹ́ fún mi. Ọkọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀."

Rédíò ha díẹ̀. Ohùn kan wá jáde nínú rẹ̀, ó ha ju ti rédíò lọ. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa."

Obìnrin kan tó gbé báfù sórí dáhùn láìmọ̀: "Ẹ káàárọ̀ o." Ẹnìkejì dáhùn. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlà náà dáhùn, àwọn alábàárù tó ń kọjá náà sì dá sí i, torí bí èèyàn bá kí ni, èèyàn á dáhùn. Àyúbà wá ṣe ohun tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún un. Ó kí Alhájì Ọlábámijí. Ó kí gbogbo ará ilé. "Mo kí ìyá ìyàwó mi ní Kétu," ni ohùn tó ti bàjẹ́ náà wí. "Màámi, ẹ ǹ lẹ́ o." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn.

Méjì ló kà nínú mẹ́jọ. Ibi tí ẹ̀kẹta ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ohùn náà pin, Aunty Tiwalọlá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ka ìyókù. Wọn kò tún pè é di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, èmi kò sì rò pé wọ́n máa pè é. Àmọ́ Ṣùkúrátù ò tíì mọ̀yẹn ní òwúrọ̀ yẹn. Ó dúró ti ẹ̀rọ tó ti dákẹ́, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà ní ata ni. Kì í ṣe ata.

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni. Nítorí pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ṣùkúrátù, ọkọ rẹ kí mi."

"Mo gbọ́, Màámi."

"Mo dáhùn. Mo sún mọ́ rédíò náà gan-an kí n tó dáhùn. Ṣé ó gbọ́?"

"Ó gbọ́, Màámi," ni Ṣùkúrátù wí, ó sì tan ẹ̀rọ.